Ọ̀rọ̀ Tó Kù Nílẹ̀ Lórí Hood Màmá Josephine

Alága ìjókòó wa, Dókítà Fèyísọ́lá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tó ti Frisco àti McKinney wá, tí ẹ jókòó sínú mọ́tò lórí títì freeway fún odindi wákàtí kan nítorí ọkùnrin tó ń fẹ̀yìn tì lónìí, tí ara rẹ̀ ń rùn bíi thinner tí a fi ń po ọ̀dà, ẹ kú ìrìn. Ọ̀gá wa, Akínbọ́lá, tó ni body shop yìí, ibi tí a ti ń tún ara mọ́tò ṣe, tó kó mọ́tò síta kí a lè ráyè to àga, ẹ kú ìnáwó. Màmá Josephine, oníbàárà wa àtọdúnmọ́dún, mo rí yín. Gbéminíyì, aya mi, tó ti ń fọ eruku ọ̀dà kúrò lára aṣọ mi láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, má tíì sunkún o, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Nígbà tí mo dé Mesquite yìí, ní Texas, láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo rò pé kíkun mọ́tò ni iṣẹ́ tí mo wá ṣe. Irọ́ ńlá! Ta ni ò lè fín ọ̀dà? Kí a tó fín in gan-an niṣẹ́ wà, nígbà tí ọ̀dà àtijọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ mọ́tò, tí o dúró níwájú tábìlì irinṣẹ́, tí o ń bi ara rẹ pé èwo ni kí n mú. Ṣé grinder, ẹ̀rọ tó ń lọ irin, ni? Grinder lágbára lóòótọ́, ó ń bú ramúramù, ó sì dára fún páànù tó nípọn tí ìpẹtà ti jẹ. Ṣùgbọ́n gbé e sórí páànù fẹ́lẹ́ kí o rí i, ooru rẹ̀ á ká páànù náà wúruwùru. Sander, ẹ̀rọ onísánpépà tó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, ni ti ojú gbalasa: sánpépà oníhóró ńlá ṣáájú, oníhóró kékeré tẹ̀ lé e, títí ojú páànù á fi jọ̀lọ̀. Tó bá wá kan etí àti kọ̀rọ̀, ọwọ́ ni o, ọwọ́ àti sánpépà tí a wé mọ́ igi pẹlẹbẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi yìí ni mo ń pariwo òwe yẹn sétí gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dúró wò ó rí? Bí ọ̀dà bá ti ń ṣí, pupa á yọ lábẹ́ dúdú, àwọ̀ ewé á yọ lábẹ́ pupa, ẹ ó máa rí gbogbo ọjọ́ ayé mọ́tò náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà ni páànù á yọjú, tí á máa dán gbinrin bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́. Há! Lójoojúmọ́ ló ń yà mí lẹ́nu, kò sú mi rí. Nígbà mìíràn mo máa pa ẹ̀rọ, màá kàn dúró máa wò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ gbé lọ sílé.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Màmá Josephine gbé mọ́tò tí olóògbé ọkọ wọn fi sílẹ̀ wá. Wọ́n fẹ́ kó gbé ọmọ wọn lọ sí ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kí Détọ́lá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, máa fi sander bó hood, ohun tí a ń pè ní bonnet nílé. Ó ń ṣe é dáadáa, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú ń kán mi. Nígbà tó lọ jẹun, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ o, èmi olówe! Grinder ni mo gbé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, èéfín rú, hood ká. Mo sọ ẹ̀rọ sílẹ̀, mo yà síbi tí a ti ń fọwọ́.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, Ọ̀gá Akínbọ́lá wọlé, wọ́n béèrè pé, “Ta niṣẹ́ hood yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀?” Gbogbo ojú yí sí Détọ́lá. Mo dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; èmi wà lọ́jà, mo ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ní kí Détọ́lá má dá ẹ̀rọ gbé sórí mọ́tò oníbàárà mọ́, àfi tí mo bá dúró tì í. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin èèyàn mi!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo gbọ́ pé ọ̀gá fẹ́ mú ẹlòmíì wá láti ìta kó gba ipò mi dípò Détọ́lá, nítorí hood yẹn. Mo pe Détọ́lá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní:

“Ọ̀gá mi, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Àpá tí grinder fà sórí páànù, ọwọ́ òsì ló fà á. Ta ló ń fòsì gbá ẹ̀rọ mú nínú wa?”

Ìyá mi nà mí títí mi ò fi lè fòsì gba omi lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀tún ni mo fi ń bọ gbogbo yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ẹ̀rọ, òsì ni. Ọmọ yìí nìkan ló kíyè sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ba páànù jẹ́ ni kó tún un ṣe. Hood, mo ti bá yín tún un ṣe. Orúkọ mi ni mo ń dúró kí ẹ tún ṣe.”

Ẹ̀rù ọmọ náà bà mí, mo fẹ́ràn rẹ̀, ojú sì tì mí, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òní ni ọjọ́ náà. Màmá Josephine, èmi ni. Ọ̀gá Akínbọ́lá, èmi Láyíwọlá ni. Détọ́lá, dìde kí wọ́n rí ọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú gbogbo ayé.

Olúwa á mú olúkúlùkù yín délé láyọ̀. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ò ní fi ẹnu yín ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́, ẹlòmíì ò sì ní jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ yín.

Ọ̀gá wa, mi ò ní kí ẹ fún un nípò mi nítorí àánú. Mọ́tò náà wà níta, Màmá Josephine wà á wá. Lọ́dún náà, ọjọ́ mẹ́rin ni Détọ́lá fi òòlù kékeré àti ọwọ́ lásán tún hood yẹn ṣe. Ẹ jáde, ẹ dijú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti ká. Ẹni tó bá rí i, kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Èmi tí mo bà á jẹ́ ti wá a láàárọ̀ yìí, láti iwájú dé ẹ̀yìn, mi ò rí i. Ẹ ṣé o.