Ta Ló Yọ Gáàdì Gíráńdà Amos?

Alága ìjókòó wa, Olóyè Ọ̀ṣìnúbí, mo kí yín. Ọ̀gá mi, Bàbá Adéṣọlá, tó ni ilé-iṣẹ́ irin yìí, mo dọ̀bálẹ̀. Alájà Kùdírátù, ìyá àwọn tó ń ta irin ní Ṣàngó, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin wẹ́dà Ọ̀tà, ẹ̀yin tó wá láti Ijoko àti Adó-Odò, ẹ̀yin ìyàwó wa tó ń lẹ ṣòkòtò tí iná irin ti dá lu, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní bí mo ṣe ń fẹ̀yìn tì lónìí, kí n wá dágbére, kí n sọ̀rọ̀ dídùn, kí n jẹun, kí n máa lọ sílé. N kò ní ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀ lẹ́nu lónìí. Inú ń bí mi.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo lò nínú ọgbà yìí. Ìwé mẹ́wàá ni mo mú bọ̀ láti Ìkirè, mo rò pé ọ́fíìsì ni màá jókòó sí. Bàbá Adéṣọlá ló kọ́ mi níṣẹ́, wọn kò sì bú mi rí níwájú oníbàárà. Ọlábánjí, ìwọ tó ń gba ipò mi, iṣẹ́ rẹ mọ́ ju tèmi lọ. Ilẹ̀kùn tí o bá ṣe kì í ké. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Mo mọ orúkọ tí ẹ fún mi. Bàbá Ẹ-Rọra. Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Òótọ́ ni, mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ láti pe ọlọ́dẹ, kí n bi í bóyá a ti pa iná. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kí n tó wọ agbádá yìí, mo ní kí n wo ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ni mo bá? Bọ̀wálé, bàbá ọmọ mẹ́ta, ló tẹ gíráńdà kékeré, ẹ̀rọ ọwọ́ tí a fi ń gé irin, mọ́ páìpù. Gáàdì, irin tó yẹ kó bo ìdajì díìsì tó ń yí gé irin, kò sí níbẹ̀. Díìsì fúnra rẹ̀, àjẹkù gíráńdà ńlá ni, irú èyí tí ẹ ń ṣà jọ sínú kórobá nítorí pé ìlò ti jẹ ẹ́ kúrú títí tó fi wọ gíráńdà kékeré.

Mo ní, “Bọ̀wálé, gáàdì dà?”

Ó ní, “Ó wà nínú àpótí, Bàbá. Kì í jẹ́ ká ráyè dé kọ̀rọ̀.”

“Díìsì yẹn ńkọ́?”

“Ó ṣì nípọn o! Ṣé ká wá jù ú nù ni? Bàbá Ẹ-Rọra, ẹ lọ múra jàre, ráìsì yín ti ń jinná.”

Ráìsì! Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Gíráńdà kékeré ń yára yí ju ńlá lọ gan-an. Wọ́n ń kọ eré tí díìsì lè gbà sára rẹ̀, àmọ́ èyí tí ẹ ń ṣà jọ, ìkọ̀wé ara rẹ̀ ti parẹ́. Ta ló wá mọ ibi tó ti sán? Bó bá fọ́, ẹsẹ̀ ta ló lè sáré tó o?

Ẹ wo Amos lọ́wọ́ iwájú níbẹ̀, tó ń ṣọ́ géètì wa báyìí. Ọdún mẹ́rin rèé tí díìsì fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Awò iṣẹ́ wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èérún díìsì la awò náà kọjá, ojú ọ̀tún sì lọ. Kí la sọ? A ní òun ló yọ gáàdì. A ní aláìbìkítà ni. A gba gíráńdà lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù wá lọ, a fi í sẹ́nu géètì.

Amos kọ́ ló yọ ọ́. Èmi Afọlábí Ògúndèjì ni.

Géètì ṣọ́ọ̀ṣì kan ni mò ń ṣe, wọ́n ń kán mi lójú. Mo fi sípánà tú gáàdì kí díìsì lè dé kọ̀rọ̀. Mo ní màá dá a padà lọ́la. Lọ́la yẹn, n kò tíì dé nígbà tí Amos gbé gíráńdà náà. Ẹfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi mí ní ọsibítù pé, “Bàbá, ta ló yọ ọ́?” Mo ní n kò mọ̀. Ẹ̀yin rò pé ẹ̀rù iná ló ń dà mí láàmú láti ọjọ́ náà?

Amos, mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá lè dárí jì mí lónìí, má fi tipá ṣe é. Bàbá Adéṣọlá, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ dá padà fún un. Ojú kan tó kù yẹn ń wọn irin ju méjì tèmi lọ.

Díìsì inú kórobá, mo ti fi òòlù fọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má wá a. Ọlábánjí, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nìyí. Ẹni tó bá tún tú gáàdì, kó máa lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ ọmọ mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín gbé irú irọ́ tí mo gbé. Kí ẹ máa fi ojú yín rí ọmọ, kí ẹ fi rí ọmọ ọmọ. Kí ọwọ́ tí ẹ fi jáde láàárọ̀ pé pérépéré nírọ̀lẹ́.

Ẹfúnkẹ́, ìbéèrè rẹ nìyẹn, mo ti dáhùn. Ẹ ṣé o.