Ọwọ́ Ta Ló Tẹ Ẹsẹ̀ Ìyá?

Níwájú kẹ́mísìtì kan ní àdúgbò Boundary, ìyá àgbà kan kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun obìnrin kò gbọdọ̀ ra oògùn tí dókítà kọ fún un lórí fóònù.

"Dókítà wo? Èmi ni mo fi àtàǹpàkò mi tẹ ẹsẹ̀ mi tó wú."

"Màámi, dókítà ló ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń wò yín lójú fóònù. Ẹ rántí bí òòyì ṣe kọ́ yín láàárín tírélà ní Creek Road nígbà tá à ń lọ sọ́sibítù. Lónìí, orí bẹ́ẹ̀dì yín lẹ wà."

"Mo ti di nọ́ọ̀sì rẹ̀ nìyẹn! Ta ló wá tọ́jú mi?"

Ìyá náà yíjú sí èmi tí mo dúró ra oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Bàbá, ẹ bá wa dá sí i."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ìyàwó mi, ọwọ́ dókítà gan-an ló ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kú.