Iná Tó Kú, Pupa Ni

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ẹ má wo ojú mi pé kò sí omijé níbẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo ara mi ti kú tipiri. Wọ́n rán apá mi ní ọsibítù, mo ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, àfi bíi pé aṣọ ẹlòmíì ni wọ́n ń rán.

Ọmọ kíláàsì kan ni wá, èmi àti Dúró-ná tó sùn sílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ náà. Òun ń wa rélùwéè, èmi ń wa takisí. Ọgbọ̀n ọdún la fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí iná tó ń darí ọkọ̀ bá kú, kí lèèyàn ń ṣe?

Lójú irin, òfin wọn ni pé iná tó kú, pupa ni. Wàá dúró. Wàá pe ẹni tó ń darí iná láago. Bó bá ní kí o máa bọ̀, wàá rọra máa wọ́ lọ, kó lè jẹ́ pé bí o bá rí ohunkóhun níwájú, wàá dúró kí o tó kàn án. Lójú títì ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí iná bá kú, oníkálukú á di ọba. Èmi á ní, “Dúró-ná, ta ni kí n pè láago ní oríta? Ìyá mi?” Á ní, “Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó o máa pè, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó o ti dúró.”

Ẹ rántí ọjọ́ tó dá rélùwéè tó kún fọ́fọ́ dúró sínú oòrùn fún ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn èrò bú u, wọ́n bú bàbá tó bí i. Nígbà tí àṣẹ dé, ó rọra lọ. Kò sí nǹkan kan níwájú, kò tiẹ̀ sí ewúrẹ́. Wọ́n tún bú u. Ó ń rẹ́rìn-ín délé: “Kò sí nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.” Alágídí ni. Àmọ́ púpọ̀ nínú èrò ọjọ́ yẹn ló jókòó síbí lónìí.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ nínú yàrá yìí. “Ẹni tó ń ní ká dúró, ìkánjú ló pa á.” Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó dorí kodò. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́. Irọ́ ni.

Èmi ni mo jókòó tì í. Takisí mi bàjẹ́, Dúró-ná ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Iná oríta kú. Ó dúró. Lọ́ọ̀rì kan dí wa lójú lápá òsì, Dúró-ná ní òun kò rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ká ní sùúrù. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ họ́ọ̀nù. Ojú tì mí, èmi awakọ̀ takisí. Mo ní, “Ojú irin kọ́ lèyí. Bó o bá jẹ́ ọkùnrin, lọ.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ó wò mí. Láti ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bọ́ọ̀sì yọ láti ẹ̀yìn lọ́ọ̀rì náà, ó kọ lù wá lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹyin lohùn. Tèmi ti balẹ̀.

Ìyàwó wa, ọkọ rẹ kò kánjú. Èmi ni mo kánjú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní bàbá yín gbàgbé òfin rẹ̀, ẹ ní kó wá bi mí.

Ọ̀rẹ́ mi, sùn re. Kí ọ̀nà rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ lónìí. Mo mọ̀ pé wàá fún mi, mi ò sì tíì lè gbà á.