Bàbá Àkànjí Kò Ṣe Àgídí

Àwọn kan nínú yín jókòó síbí lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo wá kọ́ yín bí òṣìṣẹ́ ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ó rántí pé mo sọ ìtàn bàbá kan fún yín, bàbá olóríkunkun tí wọ́n kọ́ títí tí kò gbà, tó wọ inú míṣínì tí wọ́n fi ń po oúnjẹ adìyẹ láìti àgádágodo, tí míṣínì sì pa á. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pa yín lẹ́rìn-ín, torí mo máa ń ṣe bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀, mo máa ń ti fìlà tí kò sí lórí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irọ́ ni ìtàn yẹn. Mo wá láti sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà yí i padà lẹ́nu, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n kà á dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun.

Orúkọ mi ni Deborah Fọlábí. Ìyá Goodness làwọn èèyàn mọ̀ mí sí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, Goodness wà lẹ́yìn mi. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ni mo fi lọ. Bàtà kan ṣoṣo ni mo wọ̀ parí rẹ̀. Ti òsì já lẹ́ẹ̀mẹrin, mo rán an lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìṣirò já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún kejì, òjò wó ògiri kíláàsì wa, a sì fi oṣù kan àtààbọ̀ kàwé lábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ bí mo ṣe di iṣẹ́ mi mú tó, torí ọwọ́ tí mo fi dì í mú náà ni mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n ti tì í pa báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rán ẹnu àpò, mo dé ọ́fíìsì, nígbà tó sì yá, mánéjà wa, Ọ̀gá Olúgbénga, rán mi lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ márùn-ún láti kọ́ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́, kí n lè padà wá kọ́ àwọn yòókù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ wọ inú míṣínì kò gbọdọ̀ kàn pa súìṣì kó wọlé. Ó gbọ́dọ̀ fi àgádágodo ti súìṣì náà ní pípa, kó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn ara rẹ̀, kó sì gbìyànjú láti tan míṣínì wò. Bí kò bá tàn, ìgbà náà ni kó wọlé. Olùkọ́ wa ní Ìbàdàn sọ fún wa pé, "Ẹ má ṣe bi òṣìṣẹ́ pé ṣé ó yé e. Ta ló máa sọ lójú ọ̀gá pé kò yé òun? Ẹ ní kó ṣe é kí ẹ rí i." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló yẹ kí n kọ́. Ọjọ́ méjì ni mánéjà fún mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú súìṣì. Ẹni tó bá ṣe é tó sì ṣe é dáadáa á buwọ́ lùwé, ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka. Mẹ́tàlá ṣe é. Ó ku Bàbá Àkànjí. Kareem Àkànjí lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, òun ló dàgbà jù nínú gbogbo wa. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán ẹnu àpò nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ọ́fíìsì, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí mo tilẹ̀ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó gba àgádágodo lọ́wọ́ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ìyá Goodness, ẹ dákun, nǹkan kan ò yé mi. Bí mo bá ti pa á, ṣebí mo ti pa á náà nìyẹn. Kí la tún ń tilẹ̀kùn mọ́ òkú sí?" Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Anas, ọmọ Sábó tó ń tan míṣínì, ní, "Kó má baà jí ni o, Bàbá!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè gidi ni Bàbá bi mí. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹlòmíràn lè tàn án nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àgbẹ́rù ti dé, mánéjà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ìka lu aago ọwọ́ rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti máa kọ́ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ bí ọmọdé lójú àwọn tó lè bí lọ́mọ. Mo gba àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó jàre. Ṣé ẹ̀yin la ó wá máa kọ́? Ẹ ti wà níbí kí míṣínì tó dé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa kọ́ mi o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà." Mo ní, "Ó dọ̀la, Bàbá." Mo fi àyè orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lófo nínú ìwé.

Ẹ fetí sí èyí tó kàn yìí dáadáa, torí òun ni mo fi pa mọ́ fún yín. Ó tún wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ó bá mi nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ọ̀la yẹn ti di mélòó báyìí?" Mo ní kó jẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ kọjá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ti ìrun ọ̀sán bọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mò ń kọ ìròyìn fún mánéjà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Goodness, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tijú mi ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí wa." Mo ní kó má ṣèyọnu. Oṣù mẹ́rin kọjá.

Ọjọ́bọ̀ ni, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Oúnjẹ gan mọ́ ìdí míṣínì, Bàbá pa súìṣì, ó wọ inú rẹ̀ láti họ ọ́ kúrò. Jẹnẹrétọ̀ la ti ń lò láti àárọ̀. Ibi tó ti ń họ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti mú iná dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Gbogbo èèyàn ké pé, "Iná ti dé!" Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n yí i sí iná ìjọba. Anas ń jẹun lọ́wọ́ níta. Ó sáré wọlé, ó rí i pé súìṣì wà ní pípa, ó rò pé torí iná tí wọ́n ń yí ni wọ́n ṣe pa á. Ó tàn án. Bí àgádágodo bá wà níbẹ̀ ni, kì bá tí lè tàn án. Mi ò ní sọ ohun tí mo gbọ́. Wọ́n tètè pa míṣínì náà, ṣùgbọ́n kò tètè tó.

Bàbá kò kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kò lajú, kò sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mánéjà pè mí, ó ní àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Ìwé àwọn tẹ́ ẹ kọ́ yẹn, ṣé ó pé?" Mo ní, "Ó ku ẹnì kan, sà." Ó ní, "Ta ni?" Mo ní, "Bàbá náà ni, sà." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyá Goodness, iṣẹ́ yín nìyẹn o." Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Mi ò ní gbé ohun tí mo ṣe kọ́ ọ lọ́rùn.

Mo ra ọsàn mẹ́fà. Mo fi ìwé náà àti pádì tàdáwà sábẹ́ ọsàn nínú báàgì mi, mo lọ sí ọsibítù. Ràódàt, ọmọ Bàbá tó jẹ́ obìnrin, ló jókòó tì í. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì." Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá. Mo ní kó lọ wá nǹkan jẹ, èmi á jókòó ti bàbá rẹ̀. Nígbà tó jáde, mo fa kọ́tìnì. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá wà nínú báńdéèjì, mo sì mú ti òsì. Ó gbóná. Mo ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ sí àyè tí mo fi sílẹ̀ lófo, níwájú déètì oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Kò hàn dáadáa, mo sì tún un tẹ̀. Mo fi itọ́ àti áńkáṣífì nu ìka rẹ̀. Kò lọ tán, tàdáwà ti wọ inú ìlà ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo ń rò. Ohun tí mo ń rò kò ju pé kí tàdáwà má kan bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí Ràódàt wọlé, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó rí wa bẹ́ẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, bẹ́ ẹ ṣe di bàbá mi lọ́wọ́ mú yìí, Ọlọ́run á rí ẹni di tiyín náà mú." Mo ní, "Àmín." Bàbá kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, aṣàyẹ̀wò ṣí ìwé náà lójú gbogbo wa. Ó ní, "Ta ló kọ́ olóògbé?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó ní, "Ṣé ó ṣe é lójú yín?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì, sà." Ó ní, "Kí ló wá dé tí kò lo àgádágodo?" Mo ní, "Àgídí ni, sà. Ẹ mọ àwọn àgbà, wọn kì í gbọ́." Anas gbórí sókè. Ó ní, "Màmá, ṣebí ọjọ́ yẹn ẹ ní kí wọ́n lọ jókòó..." Mo wò ó. Mo ní, "Anas, ta ló tan míṣínì?" Ó tún tẹrí ba. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó kú ló ṣokùnfà ikú ara rẹ̀, ilé iṣẹ́ wa sì fi ìwé yẹn ti ẹbí rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n wá béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Anas kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Sábó, pé kì í fọwọ́ kan súìṣì, ẹlòmíràn ló ń bá a tan iná.

Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Èmi ni kò jẹ́ kó parí. Wọ́n yìn mí pé ìwé mi pé, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti wá kọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, oorun ń kun àwọn tí mò ń kọ́, mo sì sọ ìtàn bàbá olóríkunkun. Wọ́n jí. Láti ọjọ́ náà, mò ń sọ ọ́ kiri. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sọ ọ́, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ibi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn sí i.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí obìnrin kan tó wé gèlè funfun nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ bàbá yẹn?" Mo ní ó ti kú, a kì í dárúkọ. Ó ní, "Kareem Àkànjí ni. Bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n nílé, ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún wa ni pé Ìyá Goodness ò tíì ráyè kọ́ àwọn." Ràódàt ni. Kò pariwo. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí mo dé ibi tàdáwà, ó ní, "Àwọn tó wẹ bàbá mi rí i lọ́wọ́ wọn. Mo ní ọsibítù ló tẹ̀ wọ́n níka." Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ má wá kúnlẹ̀ fún mi nínú yàrá. Ibi mélòó lẹ ti sọ ìtàn yẹn?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ lọ sọ òótọ́ rẹ̀ ní gbogbo ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wá bi mí bóyá mo dárí jì yín. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ."

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣàyẹ̀wò, mo kọ ẹjọ́ mi sílẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Mo dá ìwé ẹ̀rí mi padà. Ohun tí òfin bá fẹ́ ṣe, kó ṣe é. Mo lọ sí Sábó, Anas gbọ́ mi tán, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Nínú ibi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn, ibí ni ìkọkànlá. Níbi méjì, wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Màá tún padà lọ.

Ẹ dárí ẹ̀rín tí mo gbà lẹ́nu yín jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe fi ọ̀wọ̀ du àgbà ní ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú tì yín, kí ẹ sì kọ́ wọn. Àti pé, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti sọ ìtàn mi fún ẹlòmíràn, torí ó dùn. Ẹ lọ gbà á padà. Ẹ sọ fún wọn pé bàbá náà béèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n kọ́ òun. Bí wọ́n bá wá bi yín pé ta ni kò kọ́ ọ, ẹ dárúkọ mi gbàgà, kí ẹ má sì fi ìyá tàbí màmá ṣáájú rẹ̀.