Àwòrán Tí Mo Ní Mo Fẹ́ Yà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ ti rí i pé èèpo rẹ̀ funfun báláú, àkọlé nìkan ló wà lára rẹ̀. Ẹ má bú atẹ̀wé, èmi ni mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, àwòrán obìnrin kan wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ka ìtàn inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí àwòrán yẹn. Mo ti pa á mọ́ra tó.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé oníwèé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wá kọ tèmi, Ìyá Tó Sá, ìtàn obìnrin tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀ tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ní èmi fúnra mi ni màá ṣe èèpo rẹ̀. Mo wá àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí. Èyí tó dáa, wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó ni ín gàdàgbà sáàárín rẹ̀. Èyí tí wọn ò kọ nǹkan sí, obìnrin inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Àǹtí Aránṣọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ní fọ́tò kan lójú fóònù wọn: wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ńlá lọ́wọ́, wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ńṣe ni wọ́n ń sá lọ. Èmi mọ̀. Ẹbí ọkọ wọn ló gba ọmọ wọn obìnrin lọ́wọ́ wọn ní kékeré, tí wọ́n wá ń sọ fún un pé ìyá ẹ̀ sá fi í sílẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ọmọ náà, tó ti dàgbà, kọ́kọ́ gbà kí wọ́n wá rí òun ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Aṣọ tí wọ́n ń rán pa mọ́ dè é lọ́dọọdún, láìmọ bó ṣe ga tó, ló kún inú báàgì.

Mo máa ń fi pẹ́ńsù yàwòrán, wọ́n sì mọ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn láìfi àmì sí i, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lórí fóònù: “Anti, mo fe ya aworan yin ti e gbe baagi yen.” Wọ́n fèsì: “O daa.” Wọ́n tún fi òmíràn tẹ̀ lé e: “Ya a daadaa o, ma je ki imu mi tobi.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo ń wo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, mo yà á. Ó jọ ẹni tí eyín ń dùn.

Atẹ̀wé rí i, ó pòṣé. “Kí lèyí? Gbé fọ́tò yẹn fúnra ẹ̀ síbẹ̀ jàre. Àbí o ò tọrọ ẹ̀ ni?” Mo wo fóònù mi. Ya. Kò lámì. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní yà, ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní yá. Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Alámì níbi iṣẹ́! Mo ní mo tọrọ ẹ̀. A sì tẹ̀ ẹ́, ojú Àǹtí nìyẹn, Ìyá Tó Sá lókè orí wọn.

Àǹtí mú ìwé náà wá bá mi. Wọn ò pariwo. “Yíyà lo sọ fún mi, o ò sọ pé o fẹ́ lẹ̀ mí mọ́ ìwé. Ọmọ mi ti rí i, ó ní òun ń bọ̀ wá bi ẹ́. Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún un, kó má lọ gbà pé lóòótọ́ ni mo sá.” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ni.

Ọmọ náà wá. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ inú báàgì yẹn ló wọ̀, apá rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ jí fọ́tò yìí ni, àbí màámi ló fún yín?” Ká ní mo sọ pé mo jí i, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n “jí” yẹn ta mí létí. Mo ro ohun tí wọ́n máa sọ níbi iṣẹ́. Mo ní, “Èmi kì í ṣe olè, mo tọrọ ẹ̀.” Mo na fóònù sí i, mo fi àtàǹpàkò bo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ imú. Ó kà á sókè: “Àǹtí, mo fẹ́ yá àwòrán yín.” Yá ló pè é. “Ó dáa.” Ó tún un kà. Ó ní, “Ṣé wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn?” Mo ní, “Wọ́n mọ̀.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́, ó sì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀. Kò yà síbẹ̀.

Kò wá mọ́. Àǹtí bi mí, mo ní kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mí títí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mò ń jẹ, mò ń sùn. Àfi ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ohùn wọn láti ara ògiri, wọ́n ń wọn oníbàárà kan: “Dúró dáadáa. Bí ọmọ mi ṣe ga náà lo ga yìí, mo ti wá mọ̀ ọ́n.” Mo fi pẹ́ńsù ọwọ́ mi sílẹ̀, mi ò sì lè gbé e mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe ìwé, ẹ fi ẹnu tọrọ ojú olójú, kó gbọ́ ohùn yín. Àti ìwọ ọmọ Àǹtí, ibi tí mo fi àtàǹpàkò bò ti wà lókè yìí, lọ kà á. Màmá ẹ ò sá. Dárí jì mí tó o bá lè. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rọ wọn ń dún lẹ́yìn ògiri. Tó o bá ń kọjá, jọ̀ọ́, yà síbẹ̀. Mo ti fi àmì sí i.