Géètì Tí N Kò Ṣí

Túsìdeè tó ń bọ̀ ni àwọn dókítà yóò la àyà mi. Kó tó di pé ọ̀bẹ wọn débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi là á, torí ẹ̀rọ wọn kò lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Èmi Josephine, ìyá Ìbíkúnlé, ìyá àgbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kúnlẹ̀ kí, òpùrọ́ ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo parọ́ mọ́.

Ilé ọmọ mi ní Cedar Hill, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ń gbé. Bí wọ́n bá ti jáde láàárọ̀, ilé a dá páropáro, a ku èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Olúwadára, ọmọ-ọmọ mi, máa ń ṣe géèmù kan níbẹ̀: wọ́n á fún ọ nílẹ̀, wàá kọ́lé, wàá gbin igi. Lọ́jọ́ kan mo mú páàdì tó fi ń darí rẹ̀, mo dì í mú sódì, mo jókòó sínú àga rọ̀bọ̀tọ̀ tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí. Ìdí ńlá mi há síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ibi iṣẹ́ dé! Mo ní orúnkún ló ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni géèmù ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Ẹ̀wà á jóná, n kò ní gbóòórùn.

Nígbà tó yá, mo rí i pé igbó ti yí ilé inú géèmù náà ká. Ọmọ oko ni mí. Ta ló ń jẹ́ kí igbó sún mọ́lé, ejò ńkọ́? Mo mú àáké, mo gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, mo tún ń kọrin sí i. Mo ṣebí ti Dára wà lórí fóònù rẹ̀ ni, tèmi wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Igbe ni Dára fi bọnu lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Daddy, it's all gone!" Òun àti Jameelah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ọdún méjì gbin igi yẹn, Dára lórí fóònù, Jameelah lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ ní Euless. Ìbíkúnlé wá ṣàlàyé pé géèmù náà kò sí nínú fóònù, kò sì sí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ibì kan tó jìnnà ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ibi yòówù kéèyàn ti wọlé, ilẹ̀ kan náà ni yóò bá. "Ẹni méjì péré ló sì lè gé igi níbẹ̀," ó ní, "Dára àti Jameelah." Dára ní òun kọ́, ni ẹ̀bi bá bọ́ sórí Jameelah. Èmi dìde, mo lọ wo ẹ̀wà mi lórí iná.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá Jameelah mú un wá. Ta ni wọ́n ní kó dá ẹjọ́? Èmi àgbà ilé. Olè jókòó sórí àga adájọ́, ó tún wé gèlè! Jameelah kúnlẹ̀. "Grandma, wallahi, èmi kọ́."

"Ṣé iwin ló wá gé e? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í bá àgbà jiyàn."

Ìyá rẹ̀ tì í léjìká. "O ò gbọ́ ohun tí Màámá wí ni? Bẹ̀bẹ̀!"

Ọmọ náà wo ojú mi. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà fún un. Ọwọ́ yìí kan náà! Dára kò gba ẹ̀bẹ̀ náà. Ó ti géètì ilẹ̀ náà mọ́ ọn.

Ẹ rò pé ó tán? Ìyẹn kò tíì tó ìdajì. Ìsinmi ìgbà ooru dé, Dára ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, èmi aláìnítìjú tún gbé páàdì. Mo bá Jameelah lẹ́yìn géètì, ère rẹ̀ kékeré inú géèmù, tó dé fìlà aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀rọ̀ yọ lókè orí rẹ̀ lédè òyìnbó: Dára, ṣé ìwọ nìyẹn? Mo mú irúgbìn wá. Jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi. Bọ́tìnì kan péré ni. Àtàǹpàkò mi wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, àṣírí mi tú nìyẹn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ó wá lọ́jọ́ kejì, mo tún pa á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá.

Lánàá mo ṣí géètì náà. Kò sẹ́ni níta. Mo ń retí rẹ̀ títí Dára fi wọlé bá mi, páàdì lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó ní, "Grandma, ó kúnlẹ̀ fún yín o." Ó wọ yàrá rẹ̀.

Jameelah, wọ́n ní àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Orúnkún tí mo fi parọ́ nìyí, mo ti fi kúnlẹ̀, ó sì ń dùn mí lóòótọ́ lónìí. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Géètì wà ní ṣíṣí. Bí Túsìdeè bá gbé mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má tì í.