Alhaji Tó Lọ Sinmi ní Erékùṣù

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Accra, etí rẹ̀ ò ní ṣàìjẹun. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Abossey Okai, mo sì ń gbọ́ ìyá méjì kan, Yorùbá bíi tèmi, ní ìjókòó iwájú mi.

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Alhaji mi ní àwọn fẹ́ lò lọ́dọ̀ ọmọ wa ní erékùṣù Zanzibar. Oṣù kẹrin rèé, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá pè wọ́n, wọn á ní, 'Mo ń sinmi.'"

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara wọn le koko. Wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ń wo òkun."

"Ó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ wa ní kò sí obìnrin kankan. Alhaji tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Iléyá gan-an, bí wọ́n bá ti kírun tán, ṣọ́ọ̀bù ni!"

"Ẹ jẹ́ kí Àfáà ṣàdúà."

"A ti ṣe é. A ṣe sàráà, a pín màásà, pé kí Ọlọ́run dá wọn padà sílé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àdúà náà gbà, àwọn túbọ̀ ń sùn dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá sinmi. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní, 'Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.' Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ mi náà lẹni yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Irú aṣọ wo lèèyàn ń wọ̀ níbẹ̀?"